Odídẹrẹ́ àti Pépà Erin Ọba

Ẹ̀yin ọmọdé, òṣùpá ti là: ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Odídẹrẹ́ àjèjì ń tẹ ìwé ìròyìn fáwọn ará etí odò. Ogun Erin àti Ẹfọ̀n dí ọ̀nà òkun tí pépà ń gbà wọlé, pépà rẹ̀ sì tán. Ó tọ Erin ọba lọ.

Erin ní, "Pépà wà. Kọ ọ́ pé mò ń ṣẹ́gun." Ó kọ ọ́.

Nígbà tí pépà tún tán, ó padà lọ. Erin ní, "Má dárúkọ àwọn tó kú lójú ogun." Kò dárúkọ wọn.

Lẹ́ẹ̀kẹta, Erin ní: "Kọ ọ́ pé iná tí Ẹfọ̀n ń dá kò ní dé etí odò."

Ẹ̀rù ba Odídẹrẹ́, torí iná náà ti ń bọ̀. Ó ju pépà sílẹ̀, ó fò lọ, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbe orin náà:

Ẹ sá o, iná ń bọ̀!
*Téréná!*
Ẹ gbọ́mọ, iná ń bọ̀!
*Téréná!*

Àwọn ará etí odò ní, "Ẹlẹ́nu wíwọ́, ṣebí ìwé rẹ ló ní Erin ń ṣẹ́gun? Èwo ni ká gbà?"

Wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni èéfín iná náà bá wọn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀fẹ́ ni Olúwa fún wa ní òtítọ́. Ẹ má fi òtítọ́ ra pépà.