Bí Àbùùbùtán Ṣe Bẹ Àwọn Bíńtín Inú Ẹrẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó wọ inú òkun, ó dá lórí Àbùùbùtán, ọba ẹja, àti àwọn Bíńtín tí ojú kì í rí. Ìyá mi àgbà ló ń pa á fún wa nílé orí omi n'Ílàjẹ, tí òórùn ẹja yíyan á gba gbogbo ilé. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Ẹ bá mi gbè é dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ti yó!

Ní ayé àtijọ́, Àbùùbùtán ní kí gbogbo ará òkun jáde kí òun rí wọn. Ẹja jáde. Akàn jáde. Àwọn Bíńtín náà jáde, wọ́n ní, "Kábíyèsí, àwa rèé." Ọba wò títí, kò rí ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún ní, "Àwa rèé." Kò rí wọn. Wọ́n wí i lẹ́ẹ̀kẹta, inú bí ọba.

"Ẹni tí ojú mi kò rí kò gbọdọ̀ jẹun nínú òkun mi!"

Ó dun àwọn Bíńtín gan-an. Wọ́n wọ inú ẹrẹ̀ lọ, wọ́n sùn.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ló ń jẹ òkú ìsàlẹ̀ òkun, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ajílẹ̀ fún ewé omi. Ẹja kéékèèké ń jẹ ewé, ẹja ńlá ń jẹ ẹja kéékèèké. Nígbà tí wọ́n sùn, òkú kò jẹrà mọ́. Ewé rọ. Ẹja rù. Olorì ọba kò rí nǹkan jẹ, ọmú rẹ̀ gbẹ, Omíyalé, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, kò lè gbórí sókè mọ́.

Akàn tó ń gbé inú ẹrẹ̀ wá sí ààfin. Ó ní, "Kábíyèsí, àwọn tí ẹ lé ló ń se oúnjẹ gbogbo wa."

Àbùùbùtán gbàgbé oyè. Ó dojú bo ẹrẹ̀, ó ń kọrin:

Lílé: Bíńtín, ojú mi ló fọ́.
Ègbè: Ẹ dìde o, ẹ dìde.
Lílé: Omíyalé ń kú lọ.
Ègbè: Ẹ dìde o, ẹ dìde.
Lílé: Ọjọ́ tí mo bá kú, ẹ jẹ mí.
Ègbè: Ẹ dìde o, ẹ dìde.

Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹrẹ̀ dákẹ́. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹrẹ̀ mì. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n dáhùn, "Kábíyèsí, ṣé ẹ ó mú un ṣẹ?"

"Mo fi ọmọ mi búra."

Wọ́n dìde. Òkú di ajílẹ̀, ewé hù, ẹja yó. Ọmú olorì kún, Omíyalé mu ún. Ọdún gorí ọdún, Àbùùbùtán kú, ó sì rì lọ bá wọn bó ti ṣèlérí. Ara rẹ̀ tí wọ́n sọ di ajílẹ̀ ni wọ́n fi bọ́ àwọn ọmọ Omíyalé.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé kí a má fojú tín-ín-rín ẹni tó ń bọ́ wa tí a kò rí. Bí Ìyá àgbà bá parí rẹ̀, ó máa ń da omi tó fi fọ ẹja sísàlẹ̀ láàárín pákó ilé, á ní, "Bíńtín, ẹ wá jẹun o." Òkun ti gbé ilé náà lọ. Ìyá àgbà náà ti lọ. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni mò ń gbé báyìí, síbẹ̀ n kì í da omi ẹja nù láìpè wọ́n.

Ibi tí ààlọ́ Ìyá mi àgbà já sí lọ́wọ́ mi nìyí.