Bí Ọ̀gbẹlẹ̀ Ṣe Gba Orúkọ

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi kò sáré, kò fò. Ó rọra wọ ilé àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Láńpèjọ.

Ní ìgbà kan rí, Àwẹ̀ró, ìyàwó Láńpèjọ, pọnmi kún ìkòkò, ó dùbúlẹ̀, ó ní: "Bàbá Ayọ̀kà, omi wà nílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àlejò lọ láìmu." Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ó kú ni, Bàbá?" ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́ bi mí.

Ó kú ni, ọmọ mi.

Gbogbo àdúgbò wá bá Láńpèjọ kẹ́dùn. Òjò náà sọ̀kalẹ̀ láti òkè, nítorí ọ̀rẹ́ Àwẹ̀ró ni. Lọ́dọọdún, omi ìkòkò rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mu kó tó rọ̀ sóko. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó bú sẹ́kún:

"Àwẹ̀ró, mo dé o!"
Rọra, Òjò, rọra.
"Ta ni yóò bomi fún mi?"
Rọra, Òjò, rọra.

Ó sunkún títí àgbàlá fi kún. Ọ̀pọ̀lọ́, aládùúgbò wọn, ní: "Ẹ wo ẹkún! Òjò mà fẹ́ràn obìnrin yìí ju ọkọ rẹ̀ lọ."

Ojú Láńpèjọ gbẹ láti àárọ̀. Ó jowú Òjò. "Nínú àwa méjèèjì, ta ló fẹ́ ẹ?"

"Bàbá Ayọ̀kà, fún mi lómi kí n fi bọ́jú," ni Òjò wí.

"Omi tí ìyàwó mi pọn kẹ́yìn? Ìwọ kọ́!" Ó fi ọmọrí dé ìkòkò, ó dúró tì í.

"Háà! A kì í fi omi du ẹni tó wá báni kẹ́dùn!" ni ọmọ náà wí.

Ó fi dù ú. Òjò fi ọwọ́ nujú, ó padà sókè. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ẹ̀ẹ̀rùn mọ ọjọ́ tó yẹ kó lọ sílé, àmọ́ èyí jókòó, kò lọ. Odò gbẹ. Ewé iṣu rọ. Ilẹ̀ là. Nígbà tí òùngbẹ mú Ayọ̀kà, Láńpèjọ ṣí ìkòkò fún ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀; gbogbo rẹ̀ ti gbẹ.

"Ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ nìyí," ni Ọ̀pọ̀lọ́ wí, awọ rẹ̀ ti hunjọ. "Ilẹ̀ ló gbẹ. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Ẹ lọ bẹ Òjò."

"Èmi? Kí n bẹ ẹni tó fẹ́ fi ẹkún gba ìyàwó mi?"

Láti ọjọ́ náà, gbígbẹ tó bá kọ̀ tí kò lọ, ọ̀gbẹlẹ̀ là ń pè é.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá wa sunkún kò gba òkú wa lọ́wọ́ wa. Àlọ́ mi dúró síbẹ̀; bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí omi há mi lọ́fun.

"Láńpèjọ wá ńkọ́, Bàbá?"

Ó wà níbẹ̀. Kò tíì lọ bẹ Òjò. Kò tíì gbé ìkòkò náà kúrò nílẹ̀. Kò tíì sunkún.