Ilé Tí Kìnnìún Kò Lè Wọ̀

Kìnnìún sáré gun òkè dé ilé tuntun náà, ó ki orí bọ ẹnu ọ̀nà. Orí wọlé. Èjìká kò wọlé.

Ó fà sẹ́yìn, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan síwájú. Òkúta họ ọ́ lára, eruku funfun sì bọ́ sí gọ̀gọ̀ rẹ̀.

Nígbà láéláé ni, ní ilẹ̀ Íńdíà, nígbà tí àwọn òrìṣà ṣì ń rìn káàkiri, tí kò sì tíì sí kìnnìún kankan tó jẹ́ òkúta. Ìyá Fanáma ni òrìṣà obìnrin tó ni òkè náà. Ẹ̀yìn Kìnnìún ló máa ń gùn lọ síbi gbogbo. Bí òjò bá sì ń rọ̀, abẹ́ igi ọ̀dán kan náà ni àwọn méjèèjì ń sùn, títí ìlú fi kọ́ ilé òkúta yìí fún un.

Ọ̀kín, tó bà sórí òrùlé ṣóńṣó náà, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹran àná ló pọ̀ jù ni? Ilé ò gbà yín o!"

Inú yàrá ni Kìnnìún ń wò. Yàrá náà kéré, kò ní fèrèsé, ó ṣókùnkùn bí inú ìkòkò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà kan ṣoṣo ni Ìyá Fanáma jókòó sí. Ó ti di òkúta dúdú, bí òrìṣà ṣe máa ń dà bó bá wọ ilé rẹ̀, òdòdó aláwọ̀ ọsàn wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀.

"Ìyá," ni Kìnnìún wí, "mi ò lè wọlé."

"Mo rí i. Níbo lo wà lọ́jọ́ tí wọ́n fi okùn wọn ilé?"

Kìnnìún mọ ibi tí òun wà. Lọ́jọ́ náà, Bàbá Marudán, àgbà tó ń gbẹ́ òkúta, mú okùn jáde níwájú gbogbo ìlú. Àṣà wọn ni pé ẹnikẹ́ni tó bá máa bá òrìṣà gbé gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde wá, kí wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n, kí ilé lè gbà á. Wọ́n wọn Ìyá Fanáma. Wọ́n wọn fìtílà. Wọ́n wọn eku kékeré tó ń jẹ ìrẹsì rẹ̀ pàápàá.

"Ó ku ta?" ni Bàbá Marudán ké.

Ẹ̀yìn igi àjàgbọn ni Kìnnìún wà. Èrò ti pọ̀ jù, gbogbo wọn ni yóò sì máa wò ó. Èèrà kan gbé ewé gba orí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ó ń wo èèrà náà títí wọ́n fi ká okùn. Ó rò pé ẹnì kan á rántí òun.

"Kò sẹ́ni tó pè mí," ni Kìnnìún sọ jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀yìn igi àjàgbọn ni mo ń wò lọ́jọ́ náà," ni Ìyá Fanáma wí. "Mò ń retí kí o jáde."

Kìnnìún yíjú sí Bàbá Marudán, tó ń gbá ilẹ̀ níwájú ilé náà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbẹ́ ẹnu ọ̀nà yìí sí i. Díẹ̀ ló kù."

"Ọmọ mi, ó ti pẹ́ jù. Ojú òrìṣà la máa ń gbẹ́ kẹ́yìn, mo sì ti gbẹ́ ẹ láàárọ̀ yìí. Bí irin bá tún kan ògiri yìí, Ìyá á fi òkè yìí sílẹ̀, a ò ní rí i mọ́."

Ọ̀kín kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Kìnnìún rìn sẹ́yìn díẹ̀, ó jókòó, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ìyá, ṣé ẹ rí mi níbí?"

"Mo rí ọ."

"Ó dáa."

Ibẹ̀ ló wà. Òjò pa á, oòrùn pa á. Bí àwọn èèyàn bá gbé àgbọn àti wàrà wá bọ Ìyá, Kìnnìún á bú ramúramù díẹ̀, kí Ìyá lè mọ̀ pé àlejò dé. Ìyá á sì ní, "Mo gbọ́ ọ." Gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù láàárín wọn nìyẹn.

Ọdún ń gorí ọdún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ di òkúta, ẹ̀yìn rẹ̀ di òkúta. Lọ́jọ́ kan ó lanu, ohùn kò jáde.

"Kìnnìún?" ni Ìyá Fanáma pè láti inú ilé. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta.

Bàbá Marudán, tó ti ń fi ọ̀pá rìn, gbọ́ ọ. Ó gbé agogo idẹ kan gun òkè, ó sì so ó sókè ẹnu ọ̀nà.

Láti ọjọ́ náà ni kìnnìún òkúta ti ń jókòó síta ilé òrìṣà obìnrin, tó ń wo ẹnu ọ̀nà tí kò lè gbà wọlé. Láti ọjọ́ náà sì ni ẹni tó bá wá bọ òrìṣà náà ti ń lu agogo kó tó wọlé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà, Bàbá Marudán lu agogo náà lẹ́ẹ̀kan.

"Mo gbọ́ ọ," ni ohùn kan wí láti inú òkùnkùn.

Bàbá Marudán fi aṣọ rẹ̀ nu omi òjò kúrò lójú Kìnnìún. Ó wọ bàtà tó bọ́ sẹ́bàá àtẹ̀gùn, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ.