Òkété Ní Ìṣáná, Ó Tún Ń Tọrọ Iná

Ẹ̀yin ọmọdé, àlọ́ dé o! Kó máa bọ̀!

Òkété dé ẹnu ọ̀nà Ọ̀kẹ́rẹ́ pẹ̀lú àpáàdì lọ́wọ́, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ará ilé, ẹ fún mi níná.
*Iná dà o?*

Ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ṣebí gbogbo wa la ti ra ìṣáná? Àbí tìrẹ ti tán?"

"Kò tán." Òkété fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó ń wá.

Ó kọjá sílé Ẹtù, òun náà fi í ṣẹ̀sín.

Nílé kẹta, àìsàn ti dá Ìyá Òòrẹ̀ dùbúlẹ̀. Ìṣáná wà lórí pẹpẹ, ààrò tutù.

"Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mo ti wà nílẹ̀, ọmọ mi. Látìgbà tí a ti ra ìṣáná, ta ló tún ń yà síbí wá tọrọ iná?"

Òkété dáná, ó po ẹ̀kọ fún un.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbọ́ ohun tí Òkété ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun náà gbé àpáàdì dé ọ̀dọ̀ ìyá.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, ìṣáná rẹ ń kọ́?" Ìyá Òòrẹ̀ bi í.

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo àpáàdì, ó wo ìyá. "Kò tán, ẹ̀yin ni mo wá wò." Ó bu ẹyín iná, ó sì lọ.