Ìránṣẹ́ Tí Kò Jáde Nílé

Bí ará Òkè-Ayùn bá ní, "Ẹ wo ẹsẹ̀ ìránṣẹ́ kí ẹ tó sunkún," àlejò á máa wò suu. Kí ló kan ẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹkún? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, torí Lásúnkànmí tó fà á kò ní sọ ọ́ láé.

Tíṣà kọ̀ǹpútà ni ní ilé ìwé girama ìlú náà. Ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Lọ́jọ́ náà, orúkọ ogójì akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ dé inú ẹ̀rọ ńlá ọ́fíìsì ìdánwò kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Èyí tí kò bá dé, ó di ẹ̀ẹ̀mííràn.

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, Ọ̀gá," ni Lásúnkànmí wí fún Ọ̀gá Faníyì, ọ̀gá ilé ìwé náà. Ó bọ́ agbádá, ó fi kọ́ ara ògiri, ó jókòó.

Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú, orúkọ kọ̀, kò lọ. Ó tẹ píìngì, àṣẹ tí wọ́n fi ń pe ẹ̀rọ ọ̀nà jíjìn wò bóyá yóò jẹ́. Èsì dé, nọ́ńbà ẹ̀rọ tó fèsì wà níwájú rẹ̀: a kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ń pè. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́fà, èsì kan náà ni.

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ wọn ti kú."

Ọ̀gá Faníyì ṣí fìlà. Tomijé-tomijé ló fi pe Ìyáàfin Ṣẹ́gilọlá, olùtọ́jú ẹ̀rọ náà, lórí fóònù.

"Mà, ẹ kú aráfẹ́raàkù o. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere."

"Ta ló kú?"

"Ẹ̀rọ yín ni, mà."

"Èyí tó ń kùn níwájú mi yìí? Ẹ fún tíṣà yín ní fóònù!" Ó bi Lásúnkànmí pé, "Nọ́ńbà ta ló wà níwájú èsì yẹn?"

Lásúnkànmí ń kà á, ohùn rẹ̀ ń relẹ̀. Nọ́ńbà tó fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni.

"Ẹ ò rí i? Ẹ̀rọ yín ló ń dá yín lóhùn. Ìránṣẹ́ yín ò kọjá ẹnu ọ̀nà, ó ní òun ò bá wa nílé. Ẹ ò tiẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá eruku wà níbẹ̀! Ẹ lọ wo wáyà yín."

Ọ̀gá tọ wáyà dé ara ògiri, ó ká agbádá sókè. Àpótí tí wáyà ti ń jáde síta ni Lásúnkànmí fi ṣe ìkọ́. Agbádá ti fà á yọ, wáyà ń fì dirodiro.

Ọ̀gá ki wáyà náà padà bọ àpótí. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, ogójì orúkọ wọlé pátá. Inú Ọ̀gá dùn, ṣùgbọ́n ojú ṣì ń tì í nítorí ẹkún.

Láti ọjọ́ yẹn, bí Lásúnkànmí bá ti sáré wọ ọ́fíìsì pẹ̀lú ìròyìn burúkú, Ọ̀gá á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo bàtà rẹ̀, á ní òun ń wá eruku. Gbogbo ìlú sì gbà á lẹ́nu rẹ̀: ẹ wo ẹsẹ̀ ìránṣẹ́ kí ẹ tó sunkún.