Bàtà Lẹ́nu Àká

Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ èrò ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Àmọ́ a rí ará iwájú tí ikú pàápàá kò gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Nílé iṣẹ́ oúnjẹ adìẹ kan, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan dé tí òṣìṣẹ́ ń dè mọ́jú. Ẹni tó bá dè é á rí ara rẹ̀ nínú àká irin ńlá tí wọ́n ń kó àgbàdo sí, á sì kọ́ ewu ibẹ̀ láìfarapa. Nígbà tó kan Jọláadé, ó rí ọkùnrin kan níwájú rẹ̀ tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, tó sì fẹsẹ̀ lásán rìn lórí àgbàdo. Àgbàdo là lábẹ́ rẹ̀, ó gbé e mì.

Jọláadé tú ẹ̀rọ náà kúrò lójú. "Ọ̀gá, ta lẹ fi síbẹ̀ tó bọ́ bàtà?"

"N ò fi ẹnikẹ́ni síbẹ̀," olùkọ́ wọn dáhùn. "Ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀."

Láoyè nìkan ló máa ń bọ́ bàtà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kó tó wọ àká. Ó ní èèyàn kì í fi bàtà tẹ oúnjẹ. Inú àká gidi tí ilé iṣẹ́ náà ní ló kú sí lọ́dún tó kọjá.

Lọ́jọ́ kejì, àgbàdo há nínú àká náà, kò ṣàn mọ́. Wọ́n ní kí Jọláadé wọlé lọ tú u. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan kó tó rí bàtà lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí eruku àgbàdo kún inú wọn. Ó fà sẹ́yìn. Kò pẹ́ tí gbogbo àgbàdo náà fi rì wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kí ló dé tí o ò wọlé?" olórí iṣẹ́ bi í.

"Ẹnìkan wà níbẹ̀, sà," ni Jọláadé wí. "Kò tíì jáde."