Ìyẹ́ Lékeléke Nínú Oko Ẹ̀wà

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!"

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó yí abúlé po, ó bà lé orí ìyẹ́ funfun kan tí kò yẹ kí ó wà níbi tí ó wà. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi fi etí sí i, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó tètè rí ìdí rẹ̀ jù mí lọ.

Ní ìgbà kan rí, obìnrin kan wà ní abúlé Abẹ́-Àràbà tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ mẹ́ta ni ó fi sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú oko ẹ̀wà funfun kan. Ẹ̀wà yẹn ni wọn yóò máa jẹ títí iṣu tuntun yóò fi jáde. Nínú rẹ̀ náà ni wọn yóò ti mú irúgbìn ọdún tí ń bọ̀. Bí ó bá bàjẹ́, kò sí òmíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró dé oko, ó bá èèpo ẹ̀wà nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ṣófo. Láàárín èèpo náà ni ìyẹ́ lékeléke kan wà. Àwẹ̀ró mú un, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà kò yé e. Láti kékeré ni ó ti mọ lékeléke. Ẹ̀yìn màlúù ni ó máa ń tẹ̀ lé, tata tí màlúù bá tú jáde nínú koríko ni ó ń ṣà jẹ. Àwẹ̀ró kò rí i kí ó fi ẹnu kan ẹ̀wà rí.

Nígbà tí ó padà dé abúlé, ó gbọ́ pé oko mẹ́fà ni ó fara gbá irú rẹ̀, ìyẹ́ funfun sì wà nínú gbogbo wọn. Baálẹ̀ pe ìpàdé sí abẹ́ igi àràbà ńlá tí àwọn lékeléke máa ń wọ̀ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní kí Lékeléke àgbà sọ̀ kalẹ̀, kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀.

"Èmi? Ẹ̀wà?" ni Lékeléke wí. "Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Ẹ bù ú sí mi lẹ́nu nísinsìnyí, kí ẹ wò ó bóyá yóò kọjá ọ̀nà ọ̀fun mi."

"Ẹ ò rí nǹkan!" Ìjàpá ni ó ké láti ẹ̀yìn. "Èyí tí ó jẹ kò tíì tó o, ó tún ní kí a bu sí i!"

Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìjàpá na ọrùn síwájú.

"Baálẹ̀, bí lékeléke bá ń kọjá lókè, kí ni àwọn ọmọ wa máa ń ṣe?"

"Wọn a na ọwọ́ sókè sí i," ni Baálẹ̀ dáhùn. "Wọn a máa mi ìka wọn, pé kí ó bá àwọn fi funfun sí èékánná."

"Ṣé ó ń fi í síbẹ̀?"

"Ọmọ wo ni kò ní in?"

"Ó dára. Níbo ni ó ti ń rí funfun tí ó ń pín kiri? Koríko kò funfun. Tata kò funfun."

"Màlúù funfun ńkọ́?" ni ẹnì kan béèrè.

"Ṣé màlúù ti dín kù ni? Ẹ̀wà ni ó dín kù!"

Ariwo sọ. Àwọn bàbá fa ọwọ́ ọmọ wọn, wọ́n ń wo èékánná. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n létí. Àwẹ̀ró nìkan ni ó ṣì ń wo ìyẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ìjàpá ní òun yóò máa ṣọ́ oko gbogbo ènìyàn, kí oko kọ̀ọ̀kan máa fún òun ní agbọ̀n ẹ̀wà kan ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Wọ́n gbà. Kí ọjọ́ náà tó rọ̀, wọ́n ti sun ata gbígbẹ lábẹ́ àràbà, wọ́n sì ń sọ òkò. Òkò kan ba Lékeléke àgbà ní apá. Ó fi tipátipá fò lọ, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kọjá. Kò sí lékeléke kan ṣoṣo lójú ọ̀run. Síbẹ̀ ẹ̀wà ń dín kù, ìyẹ́ funfun sì ń wà nílẹ̀ láràárọ̀. Ìyẹn nìkan kọ́. Tata ti bo ewé ẹ̀wà bí ìgbà tí ènìyàn da iyanrìn sí i.

"Ìyá Abíọ́nà," ni Ìjàpá wí, orúkọ àkọ́bí Àwẹ̀ró ni ó fi ń pè é, "àfẹ̀mọ́júmọ́ ni àwọn lékeléke ń yọ́ wá. Igi àràbà yẹn ni ó ń fà wọ́n. Baálẹ̀ ti gbà pé kí a gé e lọ́túnla. Agbọ̀n tèmi yóò sì di méjì méjì, nítorí iṣẹ́ ti le sí i."

"Ìwọ tí o ń ṣọ́ wọn, ṣé o ti rí ọ̀kan?"

"Wọ́n ti yára jù!"

Àwẹ̀ró ṣírò ẹ̀wà rẹ̀. Bí agbọ̀n méjì bá tún kúrò nínú èyí tí ó ṣẹ́ kù, kò ní ku irúgbìn. Ó wọ inú oko, ó ń wò ó ní ebè kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó gbin ọkà bàbà mọ́ ẹ̀wà, bí gbogbo ará ibẹ̀ ṣe ń ṣe, kí ìtàkùn lè rí nǹkan gùn. Ẹ̀wà tí ó gun ọkà pé ṣánṣán. Èyí tí ó fà nílẹ̀ nìkan ni a ti jẹ. Kí ni yóò mú ẹyẹ tí ń fò fi tòkè sílẹ̀? Ó tún yẹ ìyẹ́ tí ó bá nílẹ̀ ní òwúrọ̀ yẹn wò. Ó ti gbẹ, eruku ti wọ̀ ọ́, ìgbẹ́ ẹyẹ tí ó ti le sì lẹ̀ mọ́ ọn, irú èyí tí ó máa ń wà lábẹ́ àràbà.

Ó ku ohun kan láti dán wò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó wọ́n eérú yí oko rẹ̀ ká. Ẹnikẹ́ni kò fura, nítorí eérú ni gbogbo àgbẹ̀ fi ń lé kòkòrò lára ẹ̀wà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó wo eérú náà, ó sì sáré lọ sí ìdí igi. Àwọn ọkùnrin ti gbé àáké.

"Ẹ dúró! Baálẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n bi Ìjàpá ní ọ̀rọ̀ kan."

"Ẹ má jẹ́ kí ó fi àkókò wa ṣòfò," ni Ìjàpá wí. "Oòrùn ti ń mú."

"Oòrùn tí kò tíì yọ tán?" ni Baálẹ̀ wí. "Bi í, Ìyá Abíọ́nà."

"Ìjàpá, ṣé o dé oko mi lánàá?"

"Rárá o! Àyà ni ó ń dùn mí. Ilé ni mo wà, Yánníbo ìyàwó mi ń fi òróró pa á fún mi."

"Ta wá ni ó ń ṣọ́ oko?" ni ẹnì kan kígbe.

"Mo... mo ń fi ọkàn ṣọ́ ọ."

"Ẹ kú ìtọ́jú o," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ bá mi dà á dé, kí a wo àyà tí ó ń dùn ún."

Wọ́n dà á dé. Kò sí òróró níbẹ̀. Eérú ni ó bo àyà rẹ̀, ìyẹ́ funfun mẹ́rin sì há sí abẹ́ apá rẹ̀. Wọ́n wọ ilé rẹ̀, wọ́n bá ẹ̀wà agbọ̀n lórí agbọ̀n. Baálẹ̀ dá ti oníkálukú padà. Ti Àwẹ̀ró tó jíjẹ, ó tó gbígbìn. Wọ́n lé Ìjàpá kúrò ní abúlé, àràbà sì dúró.

"Ṣàlàyé rẹ̀ kí ó yé wa," ni Baálẹ̀ wí.

"Kò sí ipasẹ̀ ẹyẹ nínú eérú," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹsẹ̀ kúkúrú mẹ́rin ni, pẹ̀lú àmì àyà tí a wọ́ nílẹ̀. Ìjàpá ni ó ń jẹ ẹ̀wà. Kò lè gun ọkà, ni ó fi jẹ́ pé ti ilẹ̀ nìkan ni ó ń jẹ. Ìyẹ́ tí ẹyẹ bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi yìí ni ó ń ṣà wá."

"Tata ńkọ́?"

"Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ Ìjàpá. Lékeléke ni ó ń jẹ tata. Àwa ni a lé lékeléke lọ."

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ: kí a má ṣe jí ohun ẹlòmíràn kí a tún gba ọ̀yà ìṣọ́ lórí rẹ̀, kí a sì wádìí ọ̀rọ̀ dé ìdí kí a tó sọ òkò.